"Obìnrin Bí Ọkùnrin": Ìyìn Tí Kì Í Jẹ́ Ká Béèrè Ẹni Tó Tẹ̀ Lé E

Ìyìn kan wà tí àwa Yorùbá fẹ́ràn púpọ̀, tí mo sì fẹ́ fà sí gbangba lónìí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí obìnrin bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ó lè ṣe, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé, "Obìnrin bí ọkùnrin ni!" Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń lò ó, àwọn oníwèé ìròyìn ń lò ó, àwa olùkọ́ náà ń lò ó. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn tí a wá ń fi ìyìn yìí kì jù lọ ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ní Kàdúná, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NDA. Mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá ìyìn náà rò. N ò sọ pé ká má yin àwọn ọmọ náà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a ṣe ń yìn wọ́n ti bo ohun tí wọ́n nílò mọ́ wa lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ìtàn náà bó ṣe rí. Ọdún 1964 ni wọ́n dá NDA sílẹ̀. Fún ọdún 47 gbáko, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún márùn-ún tó ń sọ ọ̀dọ́ di ọ̀gágun ojú ìjà. Ní 2011, nígbà ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan, ilẹ̀kùn ṣí, ogún ọmọbìnrin sì wọlé. Wọ́n di kàdẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n jọ ń sáré òwúrọ̀, wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, wọ́n jọ ń ru ẹrù wọ inú igbó. Ẹgbẹ́ náà jáde ní 2016.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Prof, ṣé kò ti sí obìnrin nínú iṣẹ́ sójà tẹ́lẹ̀ ni?" Ó wà, ó sì ti pẹ́. Josephine Tolefe ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ipò ọ̀gá nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 1961. Nọ́ọ̀sì ni. Adérónkẹ́ Kale di Major-General ní àárín àwọn ọdún 1990. Dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ni, ẹ̀ka ìṣègùn ló sì darí. Itunu Hotonu di Rear Admiral nínú ọmọ ogun ojú omi ní 2012. Ayàwòrán-ilé ni. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ: iṣẹ́ tí kálukú wọn ti kọ́ níta ló gbé wọn wọlé. Iṣẹ́ ológun nílò nọ́ọ̀sì, ó nílò dókítà, ó nílò ẹni tí yóò ya àwòrán ilé, ó sì gba obìnrin fún un. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, ipò tí wọ́n dé sì tọ́ sí wọn dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2011 jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀nà tí wọ́n là fún àwọn ọmọbìnrin yẹn ni ọ̀nà ẹni tí yóò darí àwọn ọmọ ogun lójú ìjà, ọ̀nà yẹn náà sì ni àwọn olórí ogun pátápátá ti ń jáde. Ẹni tó bá gba ẹ̀ka ìṣègùn wọlé lè di olórí ẹ̀ka ìṣègùn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ojú ìjà wọlé ló ń di olórí gbogbo ilé. Ìdí rèé tí ariwo fi pọ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo nígbà tí obìnrin ń fi abẹ́rẹ́ gún sójà. Ìgbà tí ó wá ku díẹ̀ kó máa pàṣẹ fún sójà ni ọ̀rọ̀ di awuyewuye.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ọmọ náà. "Jonathan Queens" ni wọ́n ń pè wọ́n, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà àti nínú ìwé ìròyìn. Àwa ni a ń sọ pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo wá ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ orúkọ yìí? Ààfin ni wọ́n wò, wọn ò wo bárékè. Ẹ sì fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, queen lè jẹ́ obìnrin tó ń jọba fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ayaba ni, ìyàwó ọba. Oore-ọ̀fẹ́ ọba ni ayaba fi ń jókòó láàfin. Orúkọ náà ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ò gba ìdánwò wọlé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, pé ọkùnrin ńlá kan ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Bí àwọn tó sọ ọ́ bá ní eré làwọn ń ṣe, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ń roni.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ayaba nígbà tí ọba bá kúrò lórí oyè? Jonathan kúrò nípò ní oṣù Karùn-ún 2015. Nígbà tí 2017 ń parí lọ, ìròyìn gba ìgboro pé àbá ti wà nílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun pé kí wọ́n dá gbígba obìnrin sí ọ̀nà ojú ìjà yìí dúró díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ìròyìn náà sọ pé ó ń ká àwọn kan lára ni pé ọjọ́ kan á jọ́ ọjọ́ kan, obìnrin á wá di olórí ọmọ ogun. Ariwo ta, àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin fèsì. Ohun tí èmi rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ohun tí a fi orúkọ ènìyàn kan ṣí, ó rọrùn láti tì í nígbà tí ènìyàn náà bá lọ. Ilẹ̀kùn tí òfin àti ìlànà bá ṣí ló ń ṣòro láti tì.

Kí n wá sí ọ̀rọ̀ Tolulope Arotile, nítorí òun ni ìyìn wa hàn lára rẹ̀ jù. Ọmọ Ìffẹ̀ ní Ìjùmú ni, láàárín àwọn ènìyàn wa tó wà ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ilé-ìwé ọmọ ogun òfurufú níbẹ̀ ló sì lọ, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ó wọ NDA ní 2012, ó jáde ní 2017 pẹ̀lú oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ó kọ́ bí a ṣe ń wa hẹlikọ́pítà ní South Africa, ó gba àmì awakọ̀ òfurufú ní 2019, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ń wa hẹlikọ́pítà ogun. Ó kópa nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbógun ti àwọn agbébọn ní ìpínlẹ̀ Niger. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2020, ọkọ̀ kan tó ń fẹ̀yìn rìn gbá a nínú bárékè ọmọ ogun òfurufú ní Kàdúná. Ó kú lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 24 ni.

Gbogbo ìlú ló sunkún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ojú alámèyítọ́ ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ méjì péré ló ń jáde léraléra: "àkọ́kọ́" àti "obìnrin bí ọkùnrin". Díẹ̀ ló bá wa sọ ohun tí ó ń ṣe nínú bàálù náà gan-an. Díẹ̀ ló sọ ohun tí ìkẹ́kọ̀ọ́ ọdún márùn-ún ń fi ojú ọmọ rí. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó béèrè pé àwọn wo ni ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn wo ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń ṣe. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ọdẹ ló ń péjọ láti sun ìrèmọ̀jé fún un. Wọ́n á kì í, wọ́n á sọ ẹran tó pa àti igbó tó wọ̀, wọ́n á sì dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ dẹ igbó. Wọ́n á ṣe ìpà ọdẹ fún un. Òkú ọdẹ kì í dá wà nínú ìrèmọ̀jé, ẹgbẹ́ ló yí i ká. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé iṣẹ́ ọdẹ ò kú pẹ̀lú ẹnì kan. Arò tí a dá fún Arotile yàtọ̀. A gbé e dá dúró sójú ọ̀run bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi í ṣe ìmọ́lẹ̀ rìn lóru. Bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló dá wà o. Lọ́dún 2019 yẹn náà ni Kafayat Sanni, tí òun náà jáde ní NDA, di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ìjà ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ wà. Àwa la ò fi ẹgbẹ́ náà sínú arò wa.

Bí ọ̀rọ̀ "àkọ́kọ́" ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó dà bí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó, òpin ìtàn ló ń jẹ́. A kéde àkọ́kọ́, a pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò, a lọ sùn. Ní oṣù Kẹrin 2024, Oluchukwu Owowoh di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jáde ní Sandhurst, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. NDA ló ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rán an lọ. Ohun ìwúrí ni. Àmọ́ ariwo "àkọ́kọ́" náà la tún gbọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́ ọ ní 1961. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ń ka "àkọ́kọ́" fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ó yẹ kí ẹnìkan dìde béèrè pé ẹnì kejì dà? Ẹni ogójì ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ apá kejì ìyìn náà wò, "bí ọkùnrin". Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé obìnrin ológun jẹ́ àjèjì lágbègbè wa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Dàhòmì ò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹta 1851, ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Abẹ́òkúta, obìnrin sì pọ̀ nínú àwọn tó wá. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé àwọn Ẹ̀gbá ò kọ́kọ́ mọ̀ pé obìnrin ni àwọn ń bá jà. Ara òkú ni wọ́n ti mọ̀, inú sì bí wọn gidigidi, wọ́n ní ìtìjú ni kí obìnrin ṣẹ́gun àwọn. Ẹ dákẹ́ ká ro èyí wò ná. Kí wọ́n tó mọ̀, ohun tí àwọn Ẹ̀gbá rí níwájú wọn ni ọmọ ogun tó gbóná. Ìbọn náà ń dún, ọ̀tá náà ń gun odi. Ìgbà tí wọ́n mọ̀ tán ni ọ̀rọ̀ di ti ìtìjú. Ìjà náà ò yí padà, orúkọ tí wọ́n pe ẹni tó ń jà ló yí padà.

N ò sọ pé ká padà sí Dàhòmì o. Ìkónilẹ́rú ni ọ̀pọ̀ nínú ogun wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni wọn ò sì bi léèrè kí wọ́n tó fi wọ́n ṣe ọmọ ogun. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká kọ́ ṣá. Àwọn obìnrin yẹn ní ibùgbé tiwọn, wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ní ọ̀gá tó jẹ́ obìnrin. Ìjòyè ọkùnrin ní Dàhòmì máa ń ní obìnrin tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ nínú ààfin. Ọmọbìnrin tó bá wọlé lónìí ń rí ẹni tí òun lè dà lọ́la. Síbẹ̀ náà, àwọn òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn láyé ìgbà yẹn kọ ọ́ pé àwọn obìnrin náà a máa fọ́nnu pé àwọn ti kúrò ní obìnrin, àwọn ti di ọkùnrin. Ẹ gbọ́ o! Àwọn tó ní ọ̀gá, tó ní ìbọn, tí ìlú ń bẹ̀rù, àwọn náà ò rí èdè mìíràn fi yin ara wọn ju "bí ọkùnrin" lọ.

Lítíréṣọ̀ wa náà ò jẹ̀bi díẹ̀. Mo ti kọ́ eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ní kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì gbà pé eré tó lágbára ni. Ẹfúnṣetán tó wà nínú ìtàn jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn. Olówò ńlá ni, ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, ó sì tako ọ̀nà tí Ààrẹ Látòósà ń gbà jagun. Wọ́n pa á ní 1874. Ẹfúnṣetán inú eré ńkọ́? Ìkà ni, ẹni tí ọmọ kan ṣoṣo tó ní kú, tó wá ń fi ìbínú rẹ̀ pa ẹrú. Òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ohun tó wù ú nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sí ọkàn àwọn ènìyàn ni pé bí agbára ogun bá dé ọwọ́ obìnrin, àìsàn ló ń dà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onítàn bíi Bọ́láńlé Awẹ́ ti ṣe iṣẹ́ láti fi ipò Ìyálóde hàn bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín, mélòó nínú wa ló mọ ti ìtàn, mélòó ló mọ ti eré?

Àpótí méjì la wá ní nílẹ̀ fún obìnrin tó bá ń pàṣẹ. Ọ̀kan ni "obìnrin bí ọkùnrin", èkejì ni "ọ̀dájú obìnrin". Ẹ ro ti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Kàdúná, tí wọ́n fi ọmọ ogun bí ọgbọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pariwo bí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pariwo, wọ́n á ní ọ̀dájú ni. Bí ó bá rọra sọ̀rọ̀, wọ́n á ní obìnrin ni, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá ṣe é dáadáa, wọ́n á ní ó dà bí ọkùnrin, ìyẹn ni pé ohun rere tó ṣe kì í ṣe tirẹ̀, ó yá a lò ni. Ibo ló kù tí yóò dúró sí tí yóò fi jẹ́ ọ̀gágun lásán, láìsí àlàyé kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà?

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo èyí, pé ká jẹ́ kí sójà ṣe iṣẹ́ sójà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun fún obìnrin jáde ní 1975. Ní 1976, obìnrin 119 wọ West Point. Nígbà tó di 1980, àwọn 62 ló jáde, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ó di 1989 kí Kristin Baker tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí gbogbo kàdẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Ó di 2011 kí obìnrin kankan tó di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ológun irú èyí ní orílẹ̀-èdè yẹn. Sandra Stosz ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Michelle Johnson tẹ̀ lé e ní 2013 ní ti ọmọ ogun òfurufú. Láti 1976 dé 2011, ọdún 35 nìyẹn. Wọn ò sì dá gbígba obìnrin dúró fún ọdún kan ṣoṣo láàárín rẹ̀.

Ẹ wá gbé 35 lé 2011 tiwa. 2046 ló bọ́ sí. Ìyẹn bí nǹkan bá lọ déédéé. Iṣẹ́ ológun ò dà bí ilé-iṣẹ́ tí a lè gba ọ̀gá wọlé láti ìta. Ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gágun àgbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì lónìí. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn fún ọdún mẹ́rin péré, kò ní hàn lójú ẹnikẹ́ni lọ́dún tí ẹ tì í. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni ihò náà yóò hàn, tí wọ́n á máa wá obìnrin tí wọ́n lè gbé sípò tí wọn ò ní rí. Wọ́n á wá ní, "A wá wọn, wọn ò sí." Ohun tí mo ṣe kà ọ̀rọ̀ 2017 sí ewu ńlá nìyí. Iná ọjọ́ iwájú ni wọ́n fẹ́ pa, wọn ò tíì tan án tán.

Gbígbà wọlé nìkan náà ò tó. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kékeré kan tó hàn kedere. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun, gbogbo ènìyàn ló ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ ọkùnrin gíga ni wọ́n sì fi wọn ìgbésẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà ológun rí i pé obìnrin kúkurú tó ń na ẹsẹ̀ tipátipá kó lè bá ìgbésẹ̀ náà dọ́gba máa ń ní egungun ìbàdí tó sán. Nígbà tí wọ́n dín gígùn ìgbésẹ̀ kù, ìpalára náà dín kù. Kò sẹ́ni tó dín ogun kù, kò sẹ́ni tó dín ẹrù kù. Ìgbésẹ̀ ni wọ́n wọ̀n tún. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹni tó bá rí obìnrin tó ń tiro kúrò lórí pápá yóò ní, "Ẹ rí i, mo sọ fún yín, ara obìnrin ò gbà á." Ohun tí "bí ọkùnrin" ń ṣe fún ni nìyẹn. Ó ń sọ àìdára òṣùwọ̀n di àìlera ẹni tí a fi wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàtà, àpò ẹ̀yìn àti ẹ̀wù ìdáàbòbò tí wọ́n rán fún àyà ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ọmọbìnrin tó bá lo ọdún márùn-ún láìrí obìnrin kan tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìjà tàbí tó ń pàṣẹ lórí pápá pẹ́réèdì ti kẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò sí nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn. Ní ibi tí ìgbọràn sí ọ̀gá ti jẹ́ ẹ̀mí iṣẹ́, bí ọ̀gá bá fi ìwà àìtọ́ lọ ọmọ, ta ni ọmọ náà yóò sọ fún? Bí ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ bá jẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ohun tí ń jẹ́ ìtìlẹ́yìn nìyí: òṣùwọ̀n tó péye, olùkọ́ tó jẹ́ obìnrin láàárín àwọn olùkọ́, ọ̀nà ẹ̀sùn tí kò gba abẹ́ ọ̀gá kọjá, àti ipò àṣẹ láàárín àwọn kàdẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, kí ọmọ ti mọ bí a ṣe ń darí ènìyàn kó tó jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin náà. Ní oṣù Kíní 2021, wọ́n kó sójà obìnrin 300 lọ sí ojú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, níbi tí àwọn ajínigbé ti ń yọ àwọn arìnrìnàjò lẹ́nu. Inú ọ̀pọ̀ dùn, inú tèmi náà dùn sí ìgboyà wọn. Ṣùgbọ́n kí a má pe ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ní ìdàpọ̀. Amẹ́ríkà tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin tirẹ̀ ká ní 1978, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú tirẹ̀ ká ní 1992, torí wọ́n rí i pé ẹni tó bá wà ní yàrá ọ̀tọ̀ kì í jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín ipò. Bákan náà, mo mọ àwọn tó ń ti obìnrin lẹ́yìn nípa sísọ pé láti 2014 tí Boko Haram ti ń di bọ́ǹbù mọ́ ọmọbìnrin lára, a nílò obìnrin tí yóò máa tú ara obìnrin wò. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí ìyẹn nìkan bá ni ìdí, a ti tún padà sí 1961: obìnrin wọlé torí iṣẹ́ kan tí ọkùnrin ò lè ṣe.

Àwọn tó tako gbogbo rẹ̀ náà yẹ lẹ́ni tí a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní ogun le, ara ò dọ́gba, ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí ń bọ̀ níwájú, ẹ̀sìn àwọn kan ò sì gbà á. Ara ò dọ́gba lóòótọ́, láàárín àwọn ọkùnrin gan-an náà ò dọ́gba. Ẹ gbé òṣùwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, ẹni tó bá dé ibẹ̀ kó wọlé, ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kó padà, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Ti ìgbéyàwó, ọkùnrin ológun náà ń gbé ìyàwó, ó ń bímọ, a ò sì tìtorí ẹ̀ ní kó fi ìbọn sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ò gbà á, kò sẹ́ni tó fi dandan mú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ẹnì kan ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí owó gbogbo wa ń gbé ró. Àwọn àgbà wa ti parí ẹ̀ tipẹ́: bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin bá pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà ò ní kí obìnrin kọ́kọ́ di ọkùnrin kó tó gbé igi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju èyí lọ, ẹ̀yin oníròyìn, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín obìnrin ń fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé fọ́tò obìnrin ológun kan jáde tí wọ́n kọ "àkọ́kọ́" sábẹ́ rẹ̀, ẹ bá wa yọ̀, lẹ́yìn náà ẹ béèrè: mélòó ló wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé tirẹ̀? Mélòó ló jáde? Àwọn tó jáde ní 2016, ipò wo ni wọ́n wà báyìí, ta sì ni wọ́n ń darí? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ló mọ̀ bóyá obìnrin ti dé inú iṣẹ́ ológun wa, tàbí ẹnu ọ̀nà ló ṣì dúró sí tí a ń ya fọ́tò rẹ̀.